Àpérò àwọn lọ́yà lókè òkun: ṣé ó tó owó tí à ń ná sí i? Lọ́yà Abẹ́òkúta ló ń béèrè

Lọ́yà Òkè-Ìlẹ̀wó
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Ó ti pé ọdún méje tí mo ti di lọ́yà, Abẹ́òkúta níbí náà ni mo ti ń ṣe é. Ẹjọ́ ilẹ̀, ìwé àdéhùn ilé, ọ̀rọ̀ ogún, béèlì ní kóòtù Ìsàbọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ebi ò pa mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí International Bar Association (IBA), ẹgbẹ́ lọ́yà àgbáyé, ṣe àpérò wọn ní Toronto ní Oṣù Kọkànlá 2025, gbogbo WhatsApp mi ló kún fún àwọn tá a jọ wà ní Law School, wọ́n wọ súùtù, wọ́n gbé káàdì kọ́rùn. Ọ̀gá mi náà rí i. Ó ní tí mo bá fẹ́ lọ sí èyí tó ń bọ̀, òun á san ìdajì, kí n lọ wá ìdajì tó kù.

Ìdajì tó kù yẹn ni owó ilẹ̀ tí mo ń tù jọ láti rà ní Kóbápé. Ìforúkọsílẹ̀, físà, bàálù, hòtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ mú bọ̀? Mi ò bi yín ní ti fọ́tò. Ti iṣẹ́ ni mo ń béèrè.

Àwíyé
Fọ́tò náà ni wọ́n mú bọ̀, arábìnrin. Àti péènì. Ẹ lọ ra ilẹ̀ yín. Láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga ti wà lójú ọ̀nà Kóbápé, ta ló tún ń rí ilẹ̀ níbẹ̀ tí ń dúró dè é?

Jíńíọ̀ Lọ́yà
Ẹ má rí mi o, mo kàn jókòó síbí kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ ni. Èmi tí mi ò tíì ní wíìgì tèmi, tí mò ń yá ti ọ̀gá mi.

Ẹ̀gbọ́n Kútọ̀
Àbúrò, o kú iṣẹ́. Jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀.

Èmi lọ sí ti Paris, 29 Oṣù Kẹwàá sí 3 Oṣù Kọkànlá 2023. Palais des Congrès ni wọ́n ti ṣe é. Kí n tó kúrò nílé, mo tẹ igba káàdì ní Sápọ́n. Igba! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mò ń pín in bí ìwé ìpè ìnáwó. Ẹni tó bá ṣèèṣì wojú mi báyìí, káàdì ti wọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fún mi ní tiwọn náà, gbogbo rẹ̀ ń wọ àpò. Nígbà tí mo délé, ẹnì kan ṣoṣo ló kàn sí mi nínú gbogbo wọn. Sọ́fítíwíà ló fẹ́ tà fún mi.

Ọjọ́ kẹta, ó ti rẹ̀ mí. Mo lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń mu kọfí, mo ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Tánkì omi tó ń jò nílé la ń sọ. Ni obìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé kò tíì bà ilé jẹ́?" Ọmọ Kétu ni, lápá Benin. Faransé ló fi kẹ́kọ̀ọ́ òfin, Kùtọnu ló ti ń ṣiṣẹ́, Yorùbá ló fi ń bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀. Fún bí ogún ìṣẹ́jú, a ò dárúkọ òfin kankan. Ọ̀rọ̀ gbẹ̀gìrì la ń sọ.

Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, àwọn ará yín tó ń kó ọjà wá sí ọjà Dàńtọkpá ní Kùtọnu, ta ló ń bá wọn forúkọ àmì ọjà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Mo ní kò sẹ́ni. Ó ní, "Mo mọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí yìí díẹ̀, torí pé ìpínlẹ̀ tiwa ni Ìdírókò wà, ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Trademark, ìyẹn ìwé àmì ọjà, tẹ́ ẹ bá ṣe ní Àbújá, Nàìjíríà nìkan ló mọ̀. Ọdún 7 àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ dọ̀tun ó di ọdún 14. Tí ọjà bá ti kọjá Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdírókò, ìwé yẹn ò ní agbára mọ́. Benin, Tógò, Côte d'Ivoire, Sẹ̀nẹ̀gà, Kamẹrúùnù àti àwọn míì, orílẹ̀-èdè 17 lápapọ̀, wọ́n ti fi tiwọn ṣe ọ̀kan lábẹ́ àjọ kan tó ń jẹ́ OAPI, tí olú ilé iṣẹ́ ẹ̀ wà ní Yaoundé. Àdéhùn Bangui ti 1977 ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àwọn 17 náà ló bò, fún ọdún 10. Àwa ò sí níbẹ̀. A ò sí nínú ARIPO, irú àjọ bẹ́ẹ̀ tó wà ní Harare, náà. Ibi tó sì le jù: ẹni tó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n kà sí olówó àmì náà. Ẹni tí kì í gbé lórílẹ̀-èdè wọn ò sì lè dá a ṣe fúnra ẹ̀, àfi kó gba ọwọ́ aṣojú tí OAPI mọ̀.

Mo ti ń ṣe lọ́yà fún ọdún mọ́kàndínlógún nígbà náà. Ìdí kọfí ni mo ti kọ́ èyí.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú wọ ọ́fíìsì mi. Ó gbọ́ pé ẹnì kan ní Kùtọnu ń lẹ orúkọ tòun mọ́ aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n kó láti Ṣáínà. Kò tíì forúkọ sílẹ̀ níbì kankan láyé ẹ̀. A sáré bẹ̀rẹ̀ ti Àbújá, mo gbé fóònù, obìnrin Kétu yẹn fi mí mọ aṣojú OAPI, ìwé wa sì ti wọlé kí onítọ̀hún tó ronú kàn án. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: trademark ò lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ tàbí àdìrẹ oníko mọ́, ti gbogbo wa nìyẹn. Orúkọ àti àmì ara lébẹ́ẹ̀lì ìyá náà ló ń ṣọ́.

Kí n má purọ́, owó iṣẹ́ yẹn ò tó owó bàálù mi. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn ti mú mẹ́rin míì wá láti Ìtòkú, ọ̀kan nínú wọn ń kó ọjà lọ Lomé. Ìyẹn ni mo mú bọ̀ láti Paris.

Àwíyé
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Orí ló ṣe yín. Tí tánkì yín ò bá jò ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Kútọ̀
Ó ṣì ń jò.

Jíńíọ̀ Lọ́yà
😂😂😂

Ìyá Ìbejì
Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbé iṣẹ́ fún lọ́yà náà dá sí i. Inú ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà ni mo ti ń ṣe lọ́yà, tí ẹjọ́ bá ti le, èmi ni mò ń yan lọ́yà ìta.

Ní gbogbo àpérò tí mo bá lọ, wọ́n máa ń rọ̀ mọ́ mi bí eṣinṣin. Ẹni àkọ́kọ́ á sọ pé chambers àwọn ti wà látọdún gbọọrọ. Ẹni kejì á ní "full service" ni àwọn, kò síṣẹ́ òfin tí àwọn kì í ṣe. Ẹni kẹta á dárúkọ àwọn adájọ́ tó mọ̀, ìyẹn gan-an ló ń lé mi sá. Tí mo bá délé, mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.

Ẹnì kan ni mo rántí dáadáa. Ó bi mí pé, "Àwọn tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ fún yín láti òkèèrè, ibo ni wọ́n fi sínú àdéhùn pé a ti máa yanjú ìjà?" Mo ní London ni. Ó ní ta ló fọwọ́ sí i? Mo dákẹ́, torí pé èmi ni mo fọwọ́ sí i. Wọ́n gbé ìwé wá, mo wo iye owó àti ọjọ́ tí ẹ̀rọ á dé, mo fò abala yẹn. Ó jókòó, ó ṣàlàyé ohun tí ìjà kékeré á ná wa tá a bá ní láti lọ gbé lọ́yà London. Ó ní láti 2023 tí wọ́n ti ṣe Arbitration and Mediation Act tuntun rọ́pò ti àtijọ́, a lè bẹ̀ wọ́n pé kí ibùjókòó arbitration, ìyẹn ìgbẹ́jọ́ níwájú àwọn tá a jọ yàn dípò kóòtù, jẹ́ Èkó, kí ìdájọ́ rẹ̀ sì ṣì rìn lókè òkun lábẹ́ Àdéhùn New York ti 1958, torí pé Nàìjíríà ti wọ inú ẹ̀ láti 1970. Kò fún mi ní káàdì. Èmi ni mo béèrè nọ́ńbà ẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé abala yẹn ò já mọ́ nǹkan, kó rántí P&ID, ilé iṣẹ́ tó bá ìjọba Nàìjíríà jà. Àdéhùn gáàsì 2010, arbitration London, ìdájọ́ bílíọ̀nù 6.6 dọ́là ní 2017, èlé gbé e dé nǹkan bíi bílíọ̀nù 11 kí ilé ẹjọ́ ní London tó fagi lé e ní Oṣù Kẹwàá 2023 nítorí màgòmágó. Ìjọba lágbára láti ja irú ìjà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé iṣẹ́ Ọ̀tà ò lè jà á fún oṣù mẹ́ta.

Nítorí náà, Lọ́yà Òkè-Ìlẹ̀wó, tẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ mọ ìbéèrè gidi kan tẹ́ ẹ lè bi èèyàn, ó ju káàdì lọ.

Lọ́yà Òkè-Ìlẹ̀wó
Ẹ ṣé gan-an, Mà. Mo ti kọ èyí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé, Sà, mo rẹ́rìn-ín títí.

Ohun tó ń dààmú mi ni pé ilẹ̀ ni mo mọ̀. Kí ni mo fẹ́ bá ará Brazil sọ nípa ẹjọ́ ilẹ̀ Abẹ́òkúta?

Jíńíọ̀ Lọ́yà
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ṣé pínpín káàdì bíi ti Ẹ̀gbọ́n Kútọ̀ yẹn kò jọ wíwá iṣẹ́ kiri? Wọ́n ti fi ìyẹn dẹ́rù bà wá ní Law School.

Àgbà Aké
Ọmọ mi, ìbéèrè gidi lo béèrè. Káàdì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òfin ìwà lọ́yà ti 2007 gbà wá láyè láti ní in, kí orúkọ, àdírẹ́sì àti oyè ẹ̀kọ́ rẹ wà lára ẹ̀. Ìlànà 39 gan-an ò ka ìpolówó tó bójú mu léèwọ̀. Ohun tó kọ̀ ni kí o fi ara rẹ wé lọ́yà míì, kí o máa ka iye ẹjọ́ tí o ti jàre, kí o máa sọ bí chambers rẹ ṣe tóbi tó, kí o máa bẹ èèyàn pé kó gbé iṣẹ́ wá. Wọ́n ti tún òfin náà ṣe ní 2023, ka tuntun kí o tó lọ tẹ káàdì. Ohun míì tí àwọn èèyàn ń ṣì ṣe níbi àpérò: èèyàn tí kì í ṣe lọ́yà á ní òun á máa gbé kílàyéǹtì wá, kẹ́ ẹ máa pín owó iṣẹ́. Má gbà. Òfin kọ̀ ọ́.

Wàyí o, ìwọ ọmọbìnrin Òkè-Ìlẹ̀wó. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Kí o tó gba òkè òkun lọ, ǹjẹ́ o ti jókòó sí ìpàdé Section on Business Law, ẹ̀ka òfin okòwò ti ẹgbẹ́ lọ́yà Nàìjíríà wa, rí? Section on Legal Practice ńkọ́? Ìlànà 11 nínú òfin kan náà ló ní kí gbogbo wa máa kẹ́kọ̀ọ́ síwájú sí i. Ọ̀pọ̀ yín kì í rántí èyí, àfi tó bá di Oṣù Kẹta tẹ́ ẹ ń sáré san owó iṣẹ́ ọdún. Ọkọ̀ ojú irin ń gbéra ní Láderin, o fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì sùn tán kó tó dé Èbúté Mẹ́ta. Àwọn tí ẹ ń lọ wá ní Paris, ìdajì wọn wà ní Èkó.

Kì í ṣe pé mo ní kẹ́ ẹ má lọ òkè òkun o. Ìlú yìí kọ́ ni wọ́n á ti sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Òwu níbí ni Ọmọba Bọ́lá Ajíbọ́lá. Ààrẹ ẹgbẹ́ wa ni ní 1984 sí 1985, ó di mínísítà ètò ìdájọ́, nígbà tí Taslim Elias kú ní 1991 òun ni wọ́n dìbò yàn sí ipò ẹ̀ ní ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague, ó wà níbẹ̀ títí di 1994. Ó tún padà lọ jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ tí Nàìjíríà yàn nínú ẹjọ́ ilẹ̀ Bakassi láàárín àwa àti Kamẹrúùnù. Nígbà tí ìdájọ́ jáde ní 10 Oṣù Kẹwàá 2002 tí a pàdánù, ó kọ èrò tiẹ̀ lọ́tọ̀ pé òun ò fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ilé níbí ló ti kọ́kọ́ pọ́n ẹnu kí àgbáyé tó gbọ́ ohùn ẹ̀.

Àwíyé
Ẹ ṣé, Bàbá. Ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ gan-an nìyẹn, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàwàdà. Èmi náà ti lọ àpérò ńlá kan nílé yìí. Báàgì tí wọ́n ń pín níbẹ̀ la jà du. Mo rí àgbà lọ́yà tó ń fa báàgì mọ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bú wọn. Bóyá ọ̀rọ̀ báàgì ló ń dùn mí, kì í ṣe ti àpérò.

Ìyá Ìbejì
Ṣé ẹ rí báàgì náà gbà?

Àwíyé
Mo rí i. Síìpù ẹ̀ ti já.

Ọmọ Lafẹ́ńwá ní Manchester
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti kúrò láti 2022, ìdánwò SQE tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2021 ni mo gbà di lọ́yà níbí. Nǹkan méjì kan ni mo fẹ́ sọ.

Ẹni tó bá ń wo àpérò bí ọ̀nà jápa, kó jọ̀ọ́ kó má lọ. Àwọn kan ti gba físà àpérò tí wọn ò padà, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń jìyà ẹ̀ ní ẹ́ńbásì. Ẹ kó ìwé tó fi hàn pé ẹ ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ padà sí: lẹ́tà chambers, ọjọ́ tí ẹjọ́ yín máa wáyé, àkáǹtì tí owó ń wọ̀ tó ń jáde, kì í ṣe èyí tí ẹnì kan da owó sí lánàá.

Èkejì, ìmeèlì èké ti pọ̀ jù. Wọ́n á ní wọ́n ti yàn yín láti sọ̀rọ̀ ní àpérò kan ní Kánádà, kẹ́ ẹ san owó hòtẹ́ẹ̀lì sínú àkáǹtì kan kí lẹ́tà físà tó jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan, lọ́yà gidi, san án. Àpérò ò sí níbì kankan. Ojú òpó ẹgbẹ́ náà fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti forúkọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tètè ṣe é, torí ẹni tó bá tètè forúkọ sílẹ̀ owó ẹ̀ máa ń dín. Àwọn ìgbìmọ̀ IBA tún máa ń fún lọ́yà ọ̀dọ́ ní ẹ̀bùn láti wá, àròkọ ni wọ́n sábà máa ń ní kẹ́ ẹ kọ. Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ̀ ọ́n kọ, a kàn kì í kọ ọ́ ni.

Ní ti ìbéèrè yín nípa ilẹ̀: àwọn tó ń wá lọ́yà ilẹ̀ Abẹ́òkúta jù láyé, ìta ni wọ́n wà. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston tí àbúrò ẹ̀ ta ilẹ̀ bàbá wọn mọ́ ọn lórí. Opó tó wà ní Peckham tí ò mọ bí òun ṣe máa gba ìwé ogún ọkọ òun ní Ogun. Lọ́yà tiwọn níbí ò lè lọ Ìsàbọ̀ tàbí Kóbápé. Nílé yín náà, lọ́yà òkèèrè tó bá fẹ́ dúró lórí ẹjọ́ kan gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà. Nítorí náà ẹnì kan nílé ni wọ́n ń wá. Ní ọ́fíìsì wa níbí, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí ni wọ́n bi mí, "Ta lo mọ̀ ní Abẹ́òkúta?" Lẹ́ẹ̀mejèèjì, mo dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Lọ́yà Òkè-Ìlẹ̀wó
Ọ̀rọ̀ yín yìí ló jí mi lójú oorun. Mo ti ń sá fún ohun tí mo mọ̀ jù.

Ẹ̀gbọ́n Kútọ̀
Ọmọ Lafẹ́ńwá, o ṣeun, o fọ̀ dáadáa. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un. Lẹ́yìn àpérò, ọ̀sẹ̀ kan péré lo ní. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n ti gbàgbé ojú rẹ. Má kọ "ó dùn mọ́ mi láti pàdé yín" ránṣẹ́ sí ogójì èèyàn. Yan márùn-ún. Rántí ohun tẹ́ ẹ sọ, kọ ìyẹn sí wọn. Èmi, obìnrin Kétu yẹn, fọ́tò tánkì ni mo fi ránṣẹ́ sí i.

Lọ́yà Òkè-Ìlẹ̀wó
Mo padà dé. Mo bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Mo ní kó má san ìdajì sí ti òkè òkun lọ́dún yìí, kó san gbogbo owó ìpàdé Business Law fún mi dípò ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà, torí pé ó dín sí ohun tó ti fẹ́ ná. Màá kọ àròkọ yẹn tí wọ́n bá ti kéde ẹ̀. Tí wọ́n bá mú mi, màá lọ. Tí wọn ò bá mú mi, ilẹ̀ Kóbápé ò ní bínú.

Ọmọ Lafẹ́ńwá, mo ti fi ìwé ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀, kẹ́ ẹ lè ní orúkọ tó máa kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó jáde. Ìpín ogún àti ìwé ogún ní Ogun nìkan ni mo kọ síbẹ̀, mi ò kọ "full service."

Ọmọ Lafẹ́ńwá ní Manchester
Mo ti rí i, Mà. Opó Peckham yẹn ṣì ń wá èèyàn. Ṣé mo lè fún un ní nọ́ńbà yín?

Lọ́yà Òkè-Ìlẹ̀wó
Ẹ fún un. Ẹ sọ fún un pé kó pè lẹ́yìn agogo mẹ́rin, mo ní ẹjọ́ ní Ìsàbọ̀ láàárọ̀.

Jíńíọ̀ Lọ́yà
Ẹ̀yin àgbà, ta ló ní wíìgì tó fẹ́ tà?